Ìnagijẹ Kì í Ṣe Ìbòjú Olè

Gbólóhùn kan wà tó ti di àkọ́sórí lẹ́nu àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín wa. Bí ẹni tuntun bá fẹ́ wọlé, tó wá kọ "Adúmáadán" tàbí "Ọmọ Odò Ọ̀nà" síbi tí wọ́n ti béèrè orúkọ, kíá ni wọ́n á dá a lóhùn pé: "Orúkọ rẹ gan-an ni kí o lò. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́ kì í fi orúkọ pamọ́." Ẹgbẹ́ àwọn tó jọ jáde ilé ẹ̀kọ́ ń sọ ọ́, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ọlọ́mọ ń sọ ọ́, ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn èdè Yorùbá ń sọ ọ́, pásítọ̀ ń sọ ọ́, àáfà náà ń sọ ọ́. Wọ́n ti sọ ọ́ títí débi pé kò sẹ́ni tó ń béèrè mọ́ bóyá òótọ́ ni.

Kì í ṣe òótọ́. Ẹni tó bá ń wá orúkọ tó dára tí yóò máa jẹ́ láàárín àwọn tí kò rí lójú, ìnagijẹ ni kó yàn. Kó fara balẹ̀ yàn án, kó sì dúró tì í. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ wọn kalẹ̀ bí àwọn tó gbọ́n jù nínú wọn ṣe máa ń gbé e kalẹ̀, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Wọ́n ní ẹni tó mọ̀ pé a kò mọ òun kì í ní ìtìjú: yóò bú ìyá oníyàá, yóò parọ́ mọ́ni, yóò sì sùn wọra. Wọ́n ní àwọn gbájúẹ̀ ló ń jẹ orúkọ tí kì í ṣe tiwọn, àti pé bí gbogbo èèyàn bá fi orúkọ gidi wọlé, ibi tí olè yóò fara pa mọ́ sí á dín kù. Wọ́n ní orúkọ kì í ṣe nǹkan yẹpẹrẹ lójú Yorùbá. Ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n fi omi, oyin, iyọ̀ àti obì sọ ọ́ ní orúkọ, wọ́n wo ilé kí wọ́n tó sọ ọ́. Ìwọ wá dé orí fóònù, o ju orúkọ náà sẹ́yìn bí ẹni pé ó ń tì ọ́ lójú. Wọ́n tún ní ìgbẹ́kẹ̀lé ni ẹgbẹ́ fi ń dúró, ta ló sì lè gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ wọn nìyẹn, mi ò yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀. Ẹ wá jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Èébú la ó kọ́kọ́ mú. Ṣé àwọn onínagijẹ ló ń bú èèyàn lórí Facebook? Òfin Facebook ni pé orúkọ tí wọ́n ń pè ọ́ lójoojúmọ́ ni kí o lò níbẹ̀. Ẹ lọ wo abẹ́ ìròyìn òṣèlú èyíkéyìí níbẹ̀ lásìkò ìdìbò. Ẹ ó rí orúkọ àbísọ, orúkọ bàbá, àwòrán nínú agbádá tàbí pẹ̀lú ọmọ lórí ẹsẹ̀, orúkọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti jáde, ìlú tí wọ́n ń gbé. Ẹ ó wá rí ohun tí àwọn olórúkọ gidi wọ̀nyí kọ: èpè, ìran tí wọ́n ń bú láti ìdí dé orí, obìnrin tí wọ́n ń sọ ohun tí ẹnu kò gbọdọ̀ tún sọ sí. Ìtìjú wo ni orúkọ bàbá wọn mú wá bá wọn?

Ó nídìí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bú èèyàn ní gbangba gbà pé òun ń ṣe ohun tó tọ́ ni. Ó ń jà fún ẹ̀yà rẹ̀, fún ẹ̀sìn rẹ̀, fún olóṣèlú rẹ̀, ó sì fẹ́ káwọn èèyàn rẹ̀ rí i pé òun ló ń jà. Kí ló fẹ́ fi orúkọ pamọ́ sí? Ní 2016, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Zurich tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ ìwé ẹ̀bẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ní Jámánì, ọ̀rọ̀ tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Àwọn tó lo orúkọ wọn gan-an ni ọ̀rọ̀ wọn le ju ti àwọn tó fi orúkọ pamọ́ lọ. Òdìkejì ohun tí gbogbo ayé ń wí gẹ́lẹ́ ni.

Bí ìwádìí kan kò bá tó, odindi orílẹ̀-èdè ti dán an wò fún wa. Láti 2007 ni òfin Gúúsù Kòríà ti sọ pé kí èèyàn tó lè kọ ọ̀rọ̀ sí àwọn ojú ìkànnì ńlá, ó gbọ́dọ̀ fi orúkọ àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba fún un hàn. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é kò yàtọ̀ sí èyí tí àwọn alákòóso tiwa ń sọ: kí èébú lè dín kù. Kí ló ṣẹlẹ̀? Nígbà tó di oṣù keje 2011, àwọn ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà já wọ Nate àti Cyworld, wọ́n sì kó àlàyé nípa mílíọ̀nù 35 èèyàn lọ, ní orílẹ̀-èdè tí àwọn ará ibẹ̀ kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 50 lọ. Nígbà tó di oṣù kẹjọ 2012, gbogbo adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin orílẹ̀-èdè náà fẹnu kò, wọ́n wọ́gi lé òfin ọ̀hún. Wọ́n ní kò sí ẹ̀rí pé ó dín ọ̀rọ̀ burúkú kù, ó kàn ń lé àwọn èèyàn lọ sí ojú ìkànnì ilẹ̀ òkèèrè ni. Ọdún márùn-ún ni odindi ìjọba, pẹ̀lú ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́, fi ṣe ohun tí alákòóso ẹgbẹ́ WhatsApp kan ní Ìbàdàn rò pé òun lè fi gbólóhùn kan ṣe. Kò ṣeé ṣe fún wọn. Báwo ló ṣe máa ṣeé ṣe fún un?

Ó kan ọ̀rọ̀ gbájúẹ̀. Èyí ló ń yà mí lẹ́nu jù, nítorí kò sí ìlú tó yẹ kó mọ òtítọ́ inú rẹ̀ tó tiwa. Orúkọ wo ni àwọn ọmọ yahoo ń jẹ́? Ṣé "Ẹyẹ Òkun" ni wọ́n ń jẹ́ bí wọ́n bá fẹ́ gba owó lọ́wọ́ opó kan ní Amẹ́ríkà? Orúkọ gidi ni wọ́n ń lò! Orúkọ ọ̀gágun tó wà láàyè, pẹ̀lú àwòrán rẹ̀ nínú aṣọ ológun, pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀ àti ìlú tí wọ́n ti bí i. Ẹni tó fẹ́ luni ní jìbìtì kò lè ta orúkọ tó hàn gbangba pé ìnagijẹ ni; orúkọ tó dà bí èyí tó wà nínú ìwé ìrìnnà ló máa ń tà, nítorí wọ́n ti kọ́ gbogbo ayé pé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ló ṣeé gbà gbọ́. Àwọn tó ń pariwo "orúkọ gidi" ló ń bá gbájúẹ̀ pa ọjà rẹ̀ pọ́n. Ìnagijẹ kì í tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹni tó rí "Adúmáadán" mọ̀ pé kò sí ibi tí wọ́n ti fi bẹ́ẹ̀ kọ ìwé ìbí fún un, yóò sì wo ìwà rẹ̀ kó tó yá a lówó. Àmọ́ ẹni tó rí orúkọ, orúkọ bàbá, àti àwòrán ọkùnrin arẹwà kan, ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ kí ẹnì kan tó sọ̀rọ̀.

Lọ́nà kejì, orúkọ gidi tí o kọ síta, irinṣẹ́ ni lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ jà ọ́ lólè. Báwo ni báǹkì ṣe ń dá ọ mọ̀ lórí fóònù? Orúkọ rẹ ní kíkún, ọjọ́ ìbí rẹ, nígbà míràn orúkọ tí ìyá rẹ ń jẹ́ kó tó wọ ilé ọkọ. Ẹni tó kọ orúkọ àti orúkọ bàbá rẹ̀, tó tún so ọjọ́ ìbí mọ́ ọn nídìí, ti dáhùn méjì nínú mẹ́ta. Bí àbúrò ìyá rẹ̀ bá wá wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, tí òun náà lo orúkọ ìdílé wọn gan-an, ẹ̀kẹta ti fẹ́ pé.

Wọ́n á ní, bí ẹnì kan bá wá fi ìnagijẹ ṣe ìkà ńkọ́, ṣé a kò ní rí i mú ni? Ẹ gbọ́: síìmù tó wà nínú fóònù rẹ̀ ti wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Láti ìparí 2020 ni ìjọba Nàìjíríà ti pàṣẹ pé kí wọ́n so gbogbo síìmù mọ́ nọ́ńbà NIN. Bí ọ̀ràn bá dé ilé ẹjọ́, ìnagijẹ kò lè bo ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Àwọn tí ìnagijẹ ń bò ọ́ mọ́ lójú ni àna, ọ̀gá níbi iṣẹ́, aládùúgbò olófòófó, ọkọ àtijọ́ tó ń dọdẹ rẹ, àti olè. Ta ló wá sọ pé kò yẹ kí èèyàn fara pa mọ́ fún àwọn wọ̀nyẹn?

Mo wá dé orí ọ̀rọ̀ àṣà. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ jókòó sí, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ẹnu àwọn baba wa sọ ohun tí àwọn baba wa kò ṣe rí.

Ṣé Yorùbá kan wà tó ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo níbi gbogbo? Ẹ wo agbo ilé. Ìyàwó tó wọlé kò gbọdọ̀ pe ẹni tó bá nínú ilé ní orúkọ àbísọ, ì báà ṣe ọmọdé tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìgbéyàwó rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló máa wá orúkọ fún wọn: Ìbàdíàrán, Eyínfúnjowó, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, Akọ̀wé. Orúkọ tí ìyàwó fún ọmọ ọkọ rẹ̀ yìí lè bá a dàgbà, kó bá a darúgbó, kí wọ́n sì fi sun ún lẹ́kún lọ́jọ́ tó bá kú. Ẹ wo àdúgbò. Ìyá Wálé tó ń ta ata, tó ń tà wá láwìn, tí a ń gbé kọ́kọ́rọ́ ilé sílẹ̀ fún bí a bá ń lọ sí ìrìn àjò, mélòó nínú wa ló mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́? Ẹ wo ààfin. Ọba tó gorí ìtẹ́ ń yan orúkọ tí yóò fi jọba; ní 2015, ọmọ Ògúnwùsì tó di Ọọ̀ni Ifẹ̀ di Ọ̀jájá Kejì, kò sì sẹ́ni tó bi í pé kí ló ń fi pamọ́. Ẹ wo orí ìtàgé. Ọdún tó lé ní ọgbọ̀n ni Lágbájá ti fi aṣọ bo ojú, tó ń fi orúkọ tó lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni kọrin. Ṣé orin rẹ̀ di ẹ̀tàn nítorí náà?

Ẹ sì wo Alájọ Ṣómólú. Kò sí ìlú Yorùbá tí wọn kì í ti fi orúkọ rẹ̀ yin ọmọ tó mọ̀ṣirò. Alphaeus Táíwò Olunaike ni wọ́n ń pè é, ó sì kú ní 2012 lẹ́yìn tó ti lé ní ọmọ àádọ́rùn-ún ọdún. Àmọ́ nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó mọ Alájọ Ṣómólú, bóyá lẹ ó rí ẹyọ kan tó mọ Olunaike. Àwọn obìnrin ọjà Èkó ń kó owó fún un. Owó ni mo wí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lórí íntánẹ́ẹ̀tì! Ẹ̀rí wo ni wọ́n ní? Kì í ṣe ìwé ìbí rẹ̀. Ẹ̀rí wọn ni pé bí oṣù bá parí, owó wọn ń pé, lóṣù yìí, lóṣù tó ń bọ̀, lọ́dọọdún. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní orúkọ, orúkọ tí iṣẹ́ ọwọ́ sọ ọ́ náà ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Níbo wá ni ìgbẹ́kẹ̀lé ti wá, inú orúkọ àbísọ ni, tàbí inú ohun tí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ náà ń ṣe lójoojúmọ́ lójú gbogbo èèyàn?

Ìbéèrè yìí ni àwọn olórúkọ-gidi kì í dáhùn. Wọ́n rò pé bí àwọn bá ti mọ orúkọ tó wà nínú ìwé ẹ̀rí ẹnì kan, àwọn ti mọ̀ ọ́n. Bí ẹnì kan bá wọ ẹgbẹ́ yín lónìí, tó kọ orúkọ àti orúkọ bàbá rẹ̀, kí lẹ ti mọ̀ nípa rẹ̀? Ẹ kò mọ̀ bóyá òótọ́ lorúkọ náà. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ òótọ́, ẹ kò mọ̀ bóyá onísùúrù ni, bóyá ó máa ń san gbèsè, bóyá ìmọ̀ràn tó ń gbà yín lórí oògùn tàbí lórí ilẹ̀ ṣeé gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń jẹ́ "Ewéko Tútù" láàárín yín láti ọdún mẹ́fà, tí ẹ ti rí i tó ń dáhùn ìbéèrè nípa iṣẹ́ àgbẹ̀, tí ẹ ti dán ìmọ̀ràn rẹ̀ wò tó sì ṣiṣẹ́, tó ti jẹ́wọ́ níwájú gbogbo yín nígbà tó ṣàṣìṣe: ẹni yẹn lẹ mọ̀. Orúkọ rẹ̀ ní ìwúwo. Kò ní fẹ́ bà á jẹ́, nítorí ọdún mẹ́fà ló fi kọ́ ọ.

Àwọn oníwèé ìròyìn wa àtijọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bísí Ọnàbánjọ ń kọ̀wé lábẹ́ orúkọ Ayékòótọ́ kó tó di gómìnà ìpínlẹ̀ Ògùn ní 1979. Àládé Odùnéwu ń kọ̀wé bí Allah De, Sam Amuka bí Sad Sam, Peter Enahoro bí Peter Pan. Orúkọ wọ̀nyẹn làwọn òǹkàwé ń wá nínú ìwé ìròyìn. Ṣé òtítọ́ inú ọ̀rọ̀ wọn dín kù? Ní ilẹ̀ òkèèrè, William Gosset tó ń bá ilé iṣẹ́ ọtí Guinness ṣiṣẹ́ ní Dublin fẹ́ tẹ ìmọ̀ ìṣirò kan jáde ní 1908, àmọ́ ilé iṣẹ́ náà kò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ wọn máa fi orúkọ ara rẹ̀ tẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó fi "Student" sí i. Títí dòní, orúkọ yẹn ni wọ́n ń fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn yunifásítì nílẹ̀ wa. Bí wọ́n bá ti fi dandan lé "orúkọ rẹ gan-an", ìmọ̀ náà ì bá ti kú sínú àpótí rẹ̀. Wikipedia tí gbogbo wa ń sá lọ wo, títí kan èyí tó wà ní èdè Yorùbá, ẹgbàágbèje àwọn onínagijẹ ló kọ ọ́. Gbogbo gbólóhùn tí ìnagijẹ kan bá fi kún un tàbí tó yọ kúrò ló wà lákọsílẹ̀ níwájú orúkọ náà, ẹnikẹ́ni lè lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n mọ iṣẹ́ ọwọ́ oníkálukú láìmọ orúkọ bàbá rẹ̀.

Ta ló wá ń san owó ohun tí wọ́n ń béèrè yìí? Kì í ṣe alákòóso tó ń pàṣẹ. Òun ní tirẹ̀, ọkùnrin ni lọ́pọ̀ ìgbà, ó ti níyàwó, ó ti bímọ, iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Kí ni orúkọ rẹ̀ lè fà bá a? Ní 2006, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Maryland ní Amẹ́ríkà gbé orúkọ ọkùnrin àti ti obìnrin sínú yàrá ìtàkùrọ̀sọ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ètò kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, kì í ṣe èèyàn ẹlẹ́ran ara. Orúkọ nìkan ni wọ́n fi yàtọ̀ síra. Ìhàlẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ìṣekúṣe tí àwọn orúkọ obìnrin gbà jẹ́ ìlọ́po 25 èyí tí orúkọ ọkùnrin gbà. Orúkọ lásán ló fa èyí! Ìwọ tó ń sọ fún ọmọbìnrin kan pé kó kọ orúkọ rẹ̀ gan-an, tí gbogbo ayé fi máa mọ̀ pé obìnrin ni, ṣé ìwọ ni yóò bá a ka ohun tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí i lóru?

Ẹ ronú kan obìnrin tó ti ń wá ọmọ láti ọdún pípẹ́, tó fẹ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti là á kọjá, nígbà tí àbúrò ọkọ rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà. Ẹ ronú kan nọ́ọ̀sì tó fẹ́ sọ pé kò sí ìbọ̀wọ́ ní ọsibítù tí òun ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ ronú kan aya tí ọkọ ń nà, tó ń wá ẹni tí yóò sọ ibi tó lè sá lọ fún un, tí ọkọ náà sì ń tú fóònù rẹ̀ wò. Ẹ ronú kan ẹni tó ní HIV. Láti 2014 ni òfin Nàìjíríà ti dáàbò bo irú ẹni bẹ́ẹ̀, pé wọn kò gbọdọ̀ dẹ́yẹ sí i, wọn kò sì gbọdọ̀ fipá mú un tú àṣírí ara rẹ̀. Ohun tí òfin ìlú kò jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ ṣe, alákòóso ẹgbẹ́ kan fẹ́ fi orúkọ ìwà ọmọlúàbí ṣe é. Lójú rẹ̀, ẹni tí kò bá lè fi orúkọ bàbá rẹ̀ béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́. Mo ní ìkà ni ọ̀rọ̀ náà, bí ẹni tó ń sọ ọ́ kò tiẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó nílò ẹgbẹ́ jù lọ ló ń lé jáde, àwọn tí kò ní ìṣòro kankan ló ń kó jọ, yóò sì wá máa yangàn pé ẹgbẹ́ òun mọ́ tónítóní.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá pàápàá ti jẹ iyán wọn níṣu lórí èyí. Ní oṣù keje 2010, ilé iṣẹ́ Blizzard tó ṣe eré World of Warcraft kéde pé orúkọ gidi ni àwọn tó ń ṣe eré náà yóò máa fi kọ ọ̀rọ̀ sí ojú ìkànnì ìjíròrò ilé iṣẹ́ náà. Òṣìṣẹ́ wọn kan kọ orúkọ ara rẹ̀ síta láti fi hàn pé kò séwu. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi wá nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti àdírẹ́sì ilé rẹ̀ rí, tí wọ́n gbé e síta. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ilé iṣẹ́ náà kó àṣẹ rẹ̀ padà. Google bẹ̀rẹ̀ Google+ ní 2011 pẹ̀lú òfin orúkọ gidi. Ní 2014 wọ́n fagi lé e, wọ́n sì tọrọ àforíjì. Facebook, ní 2011, ní kí Salman Rushdie, òǹkọ̀wé tí gbogbo ayé mọ̀, máa jẹ́ Ahmed nítorí pé ohun tó wà níwájú nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀ nìyẹn. Orúkọ tí ìwé ń jẹ́rìí sí kò bá ẹni tí ayé mọ̀ mu rárá. Èwo wá ni "orúkọ gidi" nínú méjèèjì?

Ohun kan tún wà tí wọn kì í rò. Orúkọ gidi kì í tiẹ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa bí orúkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Túndé Òjó mélòó ló wà láyé? Ẹni tó kọ́kọ́ dé ti gba orúkọ náà lọ. Túndé Òjó tó tẹ̀ lé e yóò fi nọ́ńbà mẹ́rin sí i nídìí, èyí tó tẹ̀ lé òun yóò fi márùn-ún. Lórí X, lẹ́tà 15 ni orúkọ tó ní @ níwájú kò gbọdọ̀ ju lọ. Ọ̀pọ̀ orúkọ Yorùbá pẹ̀lú orúkọ bàbá kò lè wọ ibẹ̀ láìgé e lọ́rùn. Àmọ́ ìnagijẹ tí o fara balẹ̀ wá, ìwọ nìkan lo lè máa jẹ́ ẹ, àwọn èèyàn yóò rántí rẹ, wọn kò sì ní fi ọ́ pe ẹlòmíràn.

Mo sọ pé kí a fara balẹ̀ yàn án, nítorí ìnagijẹ burúkú wà. Èyí tó bú ẹ̀yà kan tàbí ẹ̀sìn kan burú. Èyí tó gbé oyè tí kì í ṣe tìrẹ wọ̀ burú: má pe ara rẹ ní Dókítà bí o kò bá jẹ́ dókítà, má sì jẹ́ orúkọ gbajúmọ̀ kan bí ẹni pé òun ni ọ́. Irọ́ nìyẹn, èmi kò sì gbèjà irọ́. Orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ kò gbọdọ̀ sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọdún tí wọ́n bí ọ. Má lo èyí tó wà níwájú àdírẹ́sì ímeèlì rẹ, nítorí ìdajì ọ̀nà lo ti là fún ẹni tó fẹ́ wọlé sí i. Kó ṣeé pè lẹ́nu, kó sì ṣeé kà láìsí àmì ohùn, torí ọ̀pọ̀ ibi ni kì í gba àmì orí àti ti abẹ́ lẹ́tà wa. Ẹni tó bá yan ọ̀rọ̀ tó ń di èébú bí wọ́n bá yọ àmì rẹ̀ yóò kábàámọ̀. Ẹgbẹ́ tí o ti ń sọ̀rọ̀ àìsàn rẹ, má jẹ́ orúkọ tí o ń jẹ́ láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ níbi iṣẹ́ níbẹ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, má ṣe máa pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń jẹ́ orúkọ tuntun ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ká a mọ́ ibi tó ti ń ṣe àìdáa, òun ni ọ̀tá ẹgbẹ́. Bó lo orúkọ tó jọ ti ìwé ìbí, bó lo èyí tí kò jọ ọ́, ọ̀kan náà ni. Òun ló yẹ kí àwọn alákòóso máa dọdẹ dípò obìnrin tó pe ara rẹ̀ ní Adúmáadán.

Nítorí náà, ẹ̀yin alákòóso, ẹ yọ òfin náà kúrò lónìí. Ẹ má bi ẹni tó ń wọlé léèrè orúkọ bàbá rẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kó yan orúkọ, kí ẹ sì sọ fún un pé orúkọ tó yàn yìí ni ẹ ó fi mọ̀ ọ́n, òun ni ẹ ó fi yìn ín bó bá ṣe dáadáa, òun náà ni ẹ ó fi lé e jáde bó bá hùwà ìbàjẹ́. Ìwọ tó ń wọlé, orúkọ tí o bá yàn, tí o fi ń sọ òtítọ́, tí o fi ń ran èèyàn lọ́wọ́ lọ́dọọdún, orúkọ rẹ gidi ni, bí èyí tí bàbá rẹ sọ ọ́ ṣe jẹ́ gidi. Ẹgbẹ́ tó bá ní dandan kí o kọ́kọ́ tú ara rẹ sílẹ̀ níwájú àjèjì kí o tó lè béèrè ohun tó ń dùn ọ́, má wọ̀ ọ́.